Ọmọlará, Kólékólé, Ìtùnú àti Ẹni Tí Kò Lórúkọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé, n ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ni níbi tí ẹ wà. Tí wọn ò bá kọ́ yín, màá ka lẹ́tà yìí sókè fún yín lẹ́bàá sàréè yín ní Bantè. Yorùbá inú rédíò tí ẹ fẹ́ràn ni mo fi ń kọ ọ́, torí pé Ìcà, èdè ilé wa, kò rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ sílẹ̀. Ní ti Faransé, ẹ̀yin àti Faransé kì í ṣọ̀rẹ́.

Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Savalou níbí bí mo ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, n ò tíì sunkún. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo lọ́kàn akin. Akin wo? Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tipiri téèyàn bá jókòó lé e pẹ́. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mo rí i pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, n ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Apá kẹrin eré wa ti jáde. Eré orí kọ̀ǹpútà yẹn ni mò ń wí, èyí tí èèyàn á ti dá ẹnì kan, á fún un lójú, á fún un lórúkọ, á wá rán an lọ sáàárín àwọn iwin àti àwọn ọba àti ejò tó ń fò. Tí ẹnikẹ́ni bá bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀, ìdáhùn mẹ́ta á jáde sójú kọ̀ǹpútà, èyí tá a bá sì tẹ̀ ló máa di ìwà rẹ̀. Mo ti ń ṣe apá kẹrin yìí láti bí oṣù kan. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín ni pé mo fi ẹni inú rẹ̀ wé àwọn mẹ́ta tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà ò sì dára.

Ẹ̀yin lẹ sọ ẹni àkọ́kọ́ lórúkọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Ọwọ́ ọkùnrin ará Ṣakí tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bantè ni ẹ ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù yẹn fún mi, kí n lè fi kàwé. Ìwé wo! Ẹ kò wá wo eré o. Inú pálọ̀ ni fáànù wà, ẹ sì fẹ́ jókòó sídìí fáànù bó ẹ̀gúsí. Mo fẹ́ sọ ẹni náà ní orúkọ òyìnbó kan tó le bí òkúta, ẹ ní kí ló dé tá a ó dá ọmọ tán, tá a ó sọ ọ́ ní orúkọ tá ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó ṣe di Ọmọlará nìyẹn, obìnrin gìrìpá tó gbé àáké dání.

Ọmọlará kì í gba ìyà, kì í sì í fi ìyà jẹ èèyàn. Tó bá dé ọjà, dandan ni kó kí gbogbo ayé, títí kan àwọn tí wọ́n kàn fi kún ọjà, tí wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Inú bí yín pé wọn ò dáhùn. Ẹ ní àwọn ará ibẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò jẹ́ kí n wọlé onílé láìké àgò, bẹ́ẹ̀ inú ilé onílé gan-an la ti ń rí oògùn àti ọfà kó nínú eré yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bá a ké e, tẹ̀yin ti ẹ̀gúsí lọ́wọ́: àgò onílé o! Ẹlòmíì tó bá ṣeré débi tá a ṣe é dé á ti ní idà fàdákà. Tiwa ṣì ń fi àáké ìlàgi jà, ó sì ti kó oúnjẹ rẹ̀ fún alágbe tán.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ purọ́ fún yín. Faransé ló wà lójú kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń kà á, tí mò ń sọ ọ́ ní Ìcà, kí ẹ lè yan ìdáhùn. Bàbá arúgbó kan ní ká bá òun mú òrùka lọ sí sàréè ìyàwó òun. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, sàréè ni òrùka náà ń lọ. Mo ní bàbá náà fi ta wá lọ́rẹ ni. Ẹ gbàdúrà fún un, ẹ ní Ọlọ́run á fún un lọ́mọ tí yóò sin ín. Mo fi òrùka náà pààrọ̀ idà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó mọ́ mi lára. Èyí tí n ò bá fẹ́ kí ẹ yàn, màá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mo túmọ̀.

Ẹ ò gọ̀ o. Ẹ ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ó wò mí, ẹ ó bi mí bí ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí ṣe kúrú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi. Mo ní Faransé ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń bó ẹ̀gúsí yín lọ.

Savalou ni mo ti ṣe apá kejì, nígbà tí mo wà níbí tí mò ń kàwé, lórí kọ̀ǹpútà ọmọ kíláàsì mi kan. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Olè ni mo dá, tó ń yọ́ rìn, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nínú àpò ẹni tó ń kí. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi tí mo ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ní háà, ẹ ò mọ̀ pé kólékólé lẹ bí. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Mo ń fọ́nnu kiri nígbà náà pé Kólékólé yìí ni èmi gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá rò ó dáadáa báyìí, Kólékólé ò jí nǹkan ìyá arúgbó rí. Tó bá sì dé ọjà, ó ń kí àwọn tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, òmùgọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ẹ ò sí níbẹ̀.

Ẹni kẹta ni Ìtùnú. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mo ti ra kọ̀ǹpútà tèmi, mo sì ń gbé e wá sí Bantè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹni tó ń jà mọ́, kó jẹ́ oníwòsàn. Ìtùnú kì í bi èèyàn pé ta ni ọ́ kó tó wò ó sàn. Ọjọ́ kan ó wo ọ̀tá sàn, ọ̀tá dìde, ó fi ọ̀kọ̀ gún un. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ikùn mú. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Ọmọlará máa ń gbaná jẹ, Kólékólé máa ń sá, Ìtùnú máa ń dúró ni. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Tí ẹ bá sùn lọ lórí àga, èmi ni mò ń dáhùn fún un, tẹ́ ẹ bá sì jí, màá ní ẹ̀yin lẹ yàn án bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí inú rírun yín ò lọ mọ́, èmi ni mo ní kí Felisi àbúrò mi obìnrin gbé yín wá sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Felisi ò fẹ́. Òun ló ń bá yín gbé, ó sì mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa sùn níbi tí kì í ṣe yàrá yín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ kẹta tí ẹ dé, ó ti padà sí Bantè lọ kó aṣọ wá fún yín, ni dókítà bá wá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín, ó bá mi sọ Faransé. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní kí n túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún yín, ó sì dúró kó lè gbọ́ èsì yín. Mo ní ọgbẹ́ inú ni, ẹ máa lo ọ̀sẹ̀ kan níbí, ẹ ó sì máa lọ sílé. Kò gbọ́ Ìcà. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo ẹnu mi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò sọ pé ó kúrú. Ẹ ní ó dáa. Mo yíjú sí dókítà, mo ní ẹ ní ẹ fẹ́ dúró.

Ẹ̀rù ló bà mí, Màámi. Tí ẹ bá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ilé lẹ máa yàn, tí ẹ bá sì lọ sílé, á jẹ́ pé ẹ̀ ń lọ nìyẹn. Nígbà tí Felisi dé, tó béèrè ohun tí dókítà wí, mo fún òun náà ní èyí tó kúrú. Ó ní ká kúkú máa gbé yín lọ sílé, mo ní kó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan pé. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wẹ̀ yín láàárọ̀, èdè Máhì ló ń sọ, ẹ̀yin náà sì gbọ́ Máhì ọjà díẹ̀. Ṣé ó sọ fún yín? Ṣé ẹ ti mọ̀, ẹ kàn ń wò mí ni? Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ẹ fi kú.

Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa. Ẹni tó bá kú síta, ìta ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Àgbàlá ni wọ́n tẹ́ yín sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá yín pa. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Lougba, dúró síwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ta ló gbé aláìsàn kúrò ní yàrá rẹ̀ lọ pa sójú títì? Gbogbo ojú lọ sára Felisi. Ó dorí kodò. Èmi ń to àga. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì ń to àga lọ.

Ó máa pé ọdún kan báyìí. Bàbá Lougba kì í dá Felisi lóhùn. Tó bá kúnlẹ̀ kí i, ògiri ló ń wò. Àwọn ìyàwó ilé ò pè é sí ibi ìdáná mọ́. Nígbà tí mo lọ sílé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Felisi fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ló pa yín síta. Mo ní kó má sunkún. Mo gun alùpùpù zẹ́mì lọ síbùdókọ̀, mo padà sí Savalou, n ò rò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé n ò rò ó.

Ní báyìí, ẹni kẹrin. Kò lórúkọ. Orúkọ tí eré náà gbé wá fúnra rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ò tiẹ̀ lè pè é. Kì í bínú, kì í ṣàánú. Tí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́ta, ti àárín ni mo ń tẹ̀. Ó ń wọlé onílé láìké àgò. Ó ní idà tó ń dán, ó ní bàtà irin, gbogbo ohun tí Ọmọlará ò ní. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú eré náà, kò sì sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀.

Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn Mísà, ìyá arúgbó kan rán an sí oníṣègùn pé kó bá òun béèrè nípa àìsàn òun. Oníṣègùn ní ó ti parí. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà, ìdáhùn mẹ́ta jáde: kí n sọ òtítọ́, kí n purọ́, kí n dákẹ́. Ti àárín ni irọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó kà wọ́n tán. Ìyá náà dúpẹ́, ó fún mi ní apẹ̀rẹ̀ èso kan, eré náà sì kọ ọ́ síwájú mi pé mo ṣe iṣẹ́ náà yanjú. Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo bọ́ sí àgbàlá, mo fọ àwọn aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa ń sọ pé bí irọ́ rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni Mísà ọdún kan yín ní Bantè. Bàbá Lougba á wà níbẹ̀, gbogbo ẹbí á wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, màá dìde, màá sọ fún wọn pé èmi ni. Wọ́n lè bú mi, wọ́n lè lé mi, kí wọ́n ṣáà máa dá Felisi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lọ̀rọ̀ náà. Kò bójú mu kí wọ́n gbọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́.

Ohun tí dókítà sọ nìyí, n ò gé e kù. Ó ní kì í ṣe ọgbẹ́ inú, àrùn jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ó ní a lè gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ara yín ò sì lè gbà á mọ́. Ó ní ẹ lè dúró sọ́dọ̀ àwọn ní Savalou kí àwọn máa fa omi sí yín lára, àmọ́ ìyẹn ò ní fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín. Ó ní ẹ sì lè máa lọ sí Bantè, òun á fún wa ní oògùn ìrora, kí ẹ wà nínú yàrá yín láàárín àwọn èèyàn yín. Ó ní tó bá jẹ́ ìyá òun ni, ilé lòun máa gbé e lọ. Ó ní kí n bi yín, pé ẹ̀yin lẹ lara yín.

Màámi, èwo lẹ fẹ́?

Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ ń pè ní ọkọ mi.