Atẹ́gùn Tí O Rà fún Mi

Ilé Adéyanjú,
Ẹ̀yìn Stéṣàn,
Ìfọ̀.
Oṣù kẹjọ, ọdún 2006.

Olúfúnṣọ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa? Ṣé Olúwadárasími ọmọ mi tuntun ń mu ọmú, ṣé òtútù ẹ̀sìtéètì OPIC yín yẹn kò sì mú un jù? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó pa wá mọ́ láti ọjọ́ ìkómọ títí di òní, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ìwọ àti ilé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ ko aburú lójú ọ̀nà iṣẹ́, Àmín.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ìdí igi ọsàn tó wà níwájú ilé Bùrẹ́ímọ̀ aládùúgbò wa nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, bí mo bá sì dúró síbẹ̀ tí mò ń pariwo ọ̀rọ̀ imú mi, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìfọ̀ á ti gbọ́ pé èémí ti ń wọ́n Bàbá Fúnṣọ́. Sàlísù tó ń kó iṣu wá sí ọ̀dọ̀ yín ló ń bá mi mú un bọ̀, fún un ní omi tútù mu.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Igi obì tí ìyá rẹ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ti so, n kò sì ní ọkàn láti ká a. Ọkọ̀ ojú irin kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́, ewúrẹ́ ló ń sùn sórí irin báyìí. Ẹni tó bá mọ stéṣàn yìí nígbà tí èmi ṣì ń ru ẹrù níbẹ̀, tí àwọn èrò ń sáré ra obì lójú fèrèsé ọkọ̀, tó bá dé ibẹ̀ lónìí, omi á bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ imú tí o fowó rán ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pé kó rà bọ̀ láti ìlú Òyìnbó, o kò lè gbàgbé ohun tó bí i. Èmi ni ẹ ní kí n ṣàdúrà níbi ìkómọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ísáákì tí oorun fi gbé mi lọ lórí ìdúró, tí gbogbo èrò ń ṣe Àmín, Àmín, tí wọ́n ń retí ìyókù. Àwọn ará ìjọ yín ní Ẹ̀mí ló bà lé mi. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé mò ń hanrun. Bí o ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn, tó ní bí mo bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun mi á pa dé, èémí á dúró, ara á sì máa ta gìrì láti wá èémí kiri títí ilẹ̀ á fi mọ́, pé ọjọ́ tí ara kò bá ta gìrì, a jẹ́ pé ó dàárọ̀. Ó ní kí n máa gbé ẹ̀rọ náà sí imú, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́fun.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti ń ṣọ́ ọ lò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, bí atẹ́gùn ṣe rọ́ jáde, ẹ̀rù bà mí, mo yára pa á. Mo ní àpótí tí kò ju páálí bàtà lọ yìí, èló ni atẹ́gùn tó lè gbà? Atẹ́gùn òyìnbó kì í ṣe ohun àmúṣòfò. Nígbà tí o ní kí n máa lò ó lálaalẹ́, mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò ó nínú ara mi pé ẹni tó ń gba owó oṣù ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mò ń gbé e sí imú.

Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ lójú mi. Mo dì í sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e tọ Láwàlì fọkanáísà lọ ní oríta, pé kó bá mi fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, kó má fẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ sí táyà tírélà o, èyí tó tó kẹ̀kẹ́ ọmọdé ti tó mi. Láwàlì yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ojú ibi tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ, kò rí i. Ó ní òyìnbó ló mọ̀ọ́mọ̀ dí i pa, kí á lè máa padà wá rà lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń ta káàdì fóònù fún wa. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Tó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n ń họ fún un, jọ̀wọ́ bá mi béèrè rẹ̀ ní Èkó.

Ibi tí Láwàlì ti ń wá ojú ẹ̀rọ ni mo jókòó sí lábẹ́ ibòji rẹ̀, lórí táyà, mo sì sùn lọ. Ohun tó jí mi ni ọwọ́ rẹ̀ léjìká mi, tó ń mì mí, tí ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní:

“Bàbá, ẹ mí.”

Olúfúnṣọ́, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá lẹ́yìn ilé, tí páànù á máa gbọ̀n, kì í jí Àjíbíkẹ́ ìyá rẹ. Híhanrun mi kì í jí i. Ìgbà tí mo bá dákẹ́ ló ń jí. Á fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní Bàbá Fúnṣọ́, ẹ mí, èmi á ráhùn, màá yíjú sí òdì kejì, màá máa sùn lọ.

O rántí bó ṣe máa ń tòògbé nídìí obì. Oníbàárà á ṣa obì tán, á gbé owó sórí igbá, á lọ, kò ní mọ̀. Ìwàásù kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí orí rẹ̀ á ti tẹ̀. Ìyá Olóorun ni ẹ̀yin ọmọ ń pè é, èmi náà ń bá yín rẹ́rìn-ín, a ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní oorun dùn ju obì lọ. Kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá a, ọmọ mi. Oorun tèmi àti tirẹ̀, èmi nìkan ni mo sùn ún. Ó sì lọ láìsọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo sunkún lórí táyà náà. Láwàlì rò pé atẹ́gùn tí kò rí fẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run á pèsè.

Ìyá rẹ kò ṣọ́ oorun rẹ̀ ná lórí mi, kí ni èmi wá ń ṣọ́ atẹ́gùn sí? Láti ọjọ́ náà, kò sí alẹ́ tí n kò gbé e sí imú, bó bá fẹ́ tán, kó tán. Ẹ̀bá ògiri ni mo gbé e sí, níbi tí ìyá rẹ ń sùn. Kì í gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í pè mí lórúkọ, ó kàn ń ṣe fìì, fìì, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń mọ́ láàárọ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo gbọ́ ìwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Nítorí náà, bá mi fi owó rán Sàlísù, ti atẹ́gùn tàbí káàdì rẹ̀, àti ti epo jẹnẹrétọ̀, torí NEPA kò mọ̀ pé èmi ń mí. Fi nǹkan díẹ̀ kún un fún Láwàlì tó jí mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sun oorun àsùnùnjí. Bí èémí bá fẹ́ wọ́n ọ, o kò ní ṣàì ní ẹni tí etí rẹ̀ á gbọ́. Dókítà ní ọ̀rọ̀ yìí a máa rìn nínú ẹbí, láti kékeré lo sì ti ń hanrun bíi tèmi. Bí ọkọ rẹ bá ń tòògbé lọ́sàn-án, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bi í léèrè ohun tó ń ṣe lóru.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń mí,
Adéyanjú.