Gbogbo Wa Ti Di Eku

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo.
                                        Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ.

Àkàbà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì ní í fi pamọ́ fún ọ.

Ọ̀gá wa ni. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Apá ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan mọ́, ọ̀rọ̀ sì di ìṣòro lẹ́nu wọn. Dókítà ní kí n kó irinṣẹ́ wọn wá sí ọsíbítù, bóyá wọ́n á rántí nǹkan.

O kúkú mọ ilé wa. A kì í pe ohun tí a fi ń gé wáyà ní orúkọ tí ọjà ń pè é. Bí o bá sọ pé kọ́tà, Ọ̀gá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kékeré tí eyín rẹ̀ mú, Eku ni. Ọlọ́wọ́ gígùn tó ń gé wáyà ńlá, Ọ̀nì ni. Pílásì, Ìyá Àgbà ni, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í dá sí. Ṣé o rántí oníbàárà tó gun orí àga nígbà tí Ọ̀gá jágbe mọ́ ọ pé, "Àkàbà, Eku dà?" Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní ọsíbítù, dókítà gbé kékeré yẹn sókè. "Bàbá, kí lẹ̀ ń pe eléyìí?"

"Eku."

Dókítà mi orí. Ìyá wa, ìyàwó Ọ̀gá, bú sẹ́kún. Ni mo bá fò sókè. "Dókítà, wọ́n gbà á! Eku là ń pè é!" Mo ṣàlàyé títí dókítà náà fi ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, Àkàbà. Lójú tèmi, Ọ̀gá ti ń bọ̀ wálé.

Dókítà gbé ọlọ́wọ́ gígùn. Ọ̀nì ni mo ń retí. "Eku." Ó gbé pílásì. "Eku." Ife omi, Eku. Ó ní kí wọ́n wo ìyàwó wọn dáadáa. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní, "Eku." Ìyá kò tilẹ̀ sunkún mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Dókítà sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kí n má retí púpọ̀. Mo ti fi irinṣẹ́ wọn kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù padà. N kò lè fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Bí o bá fẹ́ rí ojú wọn, tètè wá. Ṣùgbọ́n má retí pé wọ́n á pè ọ́ ní Àkàbà, orúkọ yẹn ti lọ. Lánàá, bí mo ṣe dìde pé kí n máa lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Eku."

Mo ní, "Mo wà níbí, sà."

Bá mi kí ìyàwó, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ náà ni,
ẹni tí Ọ̀gá ń pè ní Aláròyé tẹ́lẹ̀.