Má Fi Ọ̀bẹ Mi Rán Ẹnikẹ́ni

Àkọ́bí mi obìnrin, ìwọ tí o gbé ojú ìyá mi wá sáyé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn? Mo kí i o, Ọlọ́run á fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Ìwọ náà, ìlú ńlá ò ní gbé ọ mì, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ nílé, kò ní kọ lọ́nà. Àmín. Ìyá rẹ ń ṣe àmín náà láti ìdí ààrò, ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe é.

Ilé dára. Orókùn ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan rí bí eérú, èyí tó dúdú sì ti jẹ etí ṣòkòtò mi. Òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́, mo ti fi páànù tuntun lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ mi ni.

O mọ̀ ọ́n, ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èèkù rẹ̀, tí kì í kúrò nínú àpò mi. Òun ni mo fi ń la pàǹkẹ̀rẹ̀ tí mo fi ń hun apẹ̀rẹ̀, òun ni mo fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ nígbà tí o wà níléèwé, òun náà ni mo fi ń bó ọsàn fún ọ láìjẹ́ kí èèpo já, tí wàá gba èèpo náà, tí wàá wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà, tí èèpo bá sì já, ilé ò ní rójú lọ́jọ́ náà. Mo ti pọ́n ọn títí irin rẹ̀ fi tín-ín-rín, àtàǹpàkò mi sì ti gbẹ́ ibùjókòó fún ara rẹ̀ lára igi èèkù. Nígbà tí ìṣó tó so irin mọ́ igi jẹ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Lọ́jọ́ kan ó ṣàdédé ká mọ́ mi níka.

Mo gbé e lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí gbogbo wa ń pè ní Òòlù-ló-mọ̀-ọ́n, nítorí kò sí àìsàn tí kì í fi òòlù wò. Ó lù ú, ó tún un lù, mímì náà dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò ṣí mọ́. Ó ní ṣebí mo ní kó má mì mọ́ ni. Mo gba ọ̀bẹ mi, mo wálé.

Ìwọ lo wá ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, pé bàbá kan wà ládùúgbò rẹ tó ń tún ọ̀bẹ ṣe. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbé ẹrù. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì bi mí pé èló ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó lè rà á. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè rà á. Ó wò mí, ó kọ òdo. Òdo! Mo ti ń bá a gbàdúrà kó lè mọ iyì nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ náà lé lọ́wọ́, ọmọlúàbí ni. Bó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó ní ẹrù mi ti kúrò ní ọ́fíìsì. Mo dá a lóhùn pé ẹ kú ìrìn o, ẹ rọra. Ó ní ẹrù mi wà lójú ọ̀nà. Mo ní ẹ kú oòrùn, ṣé ẹ ti jẹun? Ó ní ẹrù mi ti dé ìlú kejì. Mo ní kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Kò dáhùn ìkíni kankan, ìyá rẹ sì ní irú ọmọ wo lèyí, tí àgbà ń kí tí kò jẹ́. Mo ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, ẹni tó ru ẹrù ò lè dọ̀bálẹ̀. Bí o bá rí i, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì fún un lómi mu.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, o pè mí, o ní bàbá náà fẹ́ pààrọ̀ irin rẹ̀, ó sì fẹ́ pààrọ̀ igi rẹ̀. Ha! Bí ẹ bá yọ irin, tí ẹ yọ igi, kí ló kù tí ẹ fẹ́ tún ṣe? Mo dúpẹ́ pé o gbọ́ tèmi, tó jẹ́ ìṣó nìkan ló pààrọ̀, tó sì ta epo sí i. Àná ni àwòrán rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ó ń dán! Ibùjókòó àtàǹpàkò mi ṣì wà níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Mo fi ìka méjì kàn án kí n lè ṣí i, àfi bí ọ̀bẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Bí mo ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń wú, títí ó fi kún ojú fóònù. Mo ké sí ìyá rẹ pé ìlú ńlá ti bọ́ ọ̀bẹ mi yó jù, kò ní gba inú àpò mi mọ́. Jọ̀ọ́, sọ fún bàbá náà kó má ta epo sí i mọ́.

O wá ní wàá fi rán ẹni tó gbé e wá yẹn padà sí mi. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn ti gbìyànjú, ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún. Ìyá rẹ ní àwáwí ni mò ń wá, pé ọ̀bẹ ìdáná wà nílé tí mo lè fi bó ọsàn, pé kì í ṣe ọ̀bẹ ni mò ń retí. Mo ní kó dákẹ́, lẹ́tà mi ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Àárò rẹ ń sọ mí. Nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, ọ̀bẹ náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀ wálé, kí o fọwọ́ ara rẹ mú ọ̀bẹ mi dání. Bó bá ṣẹ́ kù, ra awò ojú fún ìyá rẹ, torí ó ní ìwé tí mò ń kọ kò ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ló lẹ́bi.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀. Bí o ṣe tọ́jú ohun tó ti gbó, ìwọ náà á gbó, wọ́n á tọ́jú rẹ. Igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ti so wọ̀ǹtì-wọnti, mi ò sì tíì bó ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ọrùn ọwọ́ rẹ ti tóbi ju tàtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọsàn ọdún yìí náà tóbi, èèpo rẹ̀ á ká a.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.