Màmá Joanna Túnráyọ̀ Olúlékè, Tí Ó Kọ́ Àwọn Ọmọ Odòde Bí A Ṣe Ń Lo Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀

Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí Màmá wa, Joanna Túnráyọ̀ Olúlékè, sí ní nǹkan bí ọdún 1904. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ìyá wọn máa ń sọ ni pé òjò ọjọ́ náà pọ̀ débi pé omi ń ṣàn lórí àpáta bí odò, ọmọ sì ti ké tán kí agbẹ̀bí tó gòkè dé. Bàbá wọn ni Olóògbé Dúrójaiyé, ẹni àkọ́kọ́ tó gbin kòkó nínú ẹbí wọn. Ìyá wọn ni Olóògbé Ìbílọlá, tí ń hun ẹní. Màmá ni àbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún.

Ní ọdún 1914 ni wọ́n fi Màmá sí iléèwé ìjọ Àgùdà. Ọmọbìnrin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ kí bàbá wọn tó kú, ibẹ̀ sì ni ìwé kíkà dúró sí. Ní ọdún 1924, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Felix Olúlékè, káfíńtà. Nígbà tí àwọn ará ìlú ń kó sọ̀kalẹ̀ wá sí Odòde, ní nǹkan bí ọdún 1930, Màmá pọn ọmọ wọn obìnrin, Bernadette, sẹ́yìn, Benedict, àkọ́bí wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, sì kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di òun lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn òkè náà. Màmá tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọn kò fà á padà. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Dominic.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá. Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi ń gbá ilé Ọlọ́run ní gbogbo Sátidé, àwọn ló sì máa ń kó àwọn ọmọdé jọ sí abẹ́ igi odán ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù bá ti gùn jù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ya wọ iléèwé bí omi, olùkọ́ kò sì tó. Fadá ìjọ wa ní kí Màmá wá gba àwọn tó kéré jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń mọ ọmọ tó ti tó iléèwé lọ nígbà náà ni pé kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàgbé, tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́ láti máa ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Àtòsìn, mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kùdírátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá. Ibà kan tó ṣe ọmọ náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì ti sọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di aláìlágbára.

Ọ̀gá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius Oyèṣọlá, wò ó, wọ́n ní: “Ọwọ́ rẹ̀ kò dé etí. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.”

Àjàgbé dáhùn pé: “Ọ̀gá, ẹ dákun, ọwọ́ yìí ò ní dé etí lọ́dún tó ń bọ̀ náà.”

Màmá bá dá sí i. “Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, Ọ̀gá. Bí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, èmi fúnra mi ni màá dá a padà fún bàbá rẹ̀.” Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn.

Màmá tètè rí i pé kì í ṣe Kùdírátù nìkan ló ní ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè gun igi kòkó dé orí kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú láìṣẹ́ ẹ. Màmá ní èjìká ni ìkọ̀wé ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìka. Bàbá wa gbé pákó gígùn kan lé orí bíríkì méjì fún wọn, àwọn ọmọ sì ń rìn lórí rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò, wọ́n ń ju ọsàn síra wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, wọ́n ń fi ìka kọ nǹkan sínú iyanrìn. Àwọn òbí kan fi ẹjọ́ sùn pé àwọn kò rán ọmọ wá síléèwé kó wá máa ṣa ẹ̀gúsí. Màmá kò jiyàn, wọn kò sì dáwọ́ dúró.

Àwa ọmọ wọn kò ní fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta pamọ́, nítorí Màmá fúnra wọn kò fi pamọ́. Ọwọ́ òsì ni Kùdírátù fi ń kọ̀wé. Màmá, tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ti tọ́ gbogbo wa, rò pé àrífín ni. Wọ́n fi gèlè wọn de ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn, kí ọ̀tún lè ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ọwọ́ tí yóò fi tilẹ̀, ó sì fi ẹnu gbálẹ̀. Láti ọjọ́ kejì kò wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní Sátidé kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ní Àtòsìn, wọ́n bá Àjàgbé àti ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Màmá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà.

“Kùdírátù, mo ṣẹ̀ ọ́. Ọwọ́ tó bá gbọ́ tìẹ ni kí o fi kọ̀wé.”

Àjàgbé sáré dì wọ́n mú. “Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kẹ̀? Kí làwọn èèyàn máa wí?”

“Wọ́n á wí i títí, á sú wọn.”

Ọmọ náà ní: “Ṣé ẹ ò ní dè mí mọ́?”

“N kò ní dè ọ́ mọ́ láé.”

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó padà wá. Màmá kò pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tì. Bí òsì bá ń ṣa ẹ̀gúsí, ọ̀tún á di abọ́ mú. Bí òsì bá ń kọ̀wé, ọ̀tún á tẹ síléètì mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ọsàn mọ́ àyà. Nígbà ìdánwò ìparí ọdún, Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá jókòó tì í, ọmọ náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀.

“Lẹ́tà dí yìí kọjú sẹ́yìn,” ni Ọ̀gá wí.

Màmá ní: “Yóò yíjú padà, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé kíláàsì kejì.

Láti ọdún 1957, Ọ̀gá pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì kéékèèké máa ṣe bíi ti Màmá láràárọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé Màmá lọ sí kíláàsì òkè, Màmá kọ̀. Nígbà tí alábẹ̀wò iléèwé láti Àkúrẹ́ bi wọ́n ní ọdún 1958 pé inú ìwé wo ni wọ́n ti rí gbogbo èyí, ìdáhùn wọn kò gùn: “Mò ń wò wọ́n ni, sà.”

Àìsàn àyà dá Màmá dùbúlẹ̀ ní oṣù keje ọdún yìí. Kùdírátù, tó ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, wá kí wọn pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn, Màmá pe Bernadette sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní: “Àwọn tó ń bọ̀ wọlé ní oṣù kìíní ńkọ́? Ta ni yóò máa wò wọ́n?” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1959, wọ́n sùn nínú Olúwa.

Màmá fi ọkọ wọn sáyé, Ọ̀gbẹ́ni Felix Olúlékè, àti àwọn ọmọ mẹ́ta: Benedict ní Èkó, Bernadette, nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, àti Dominic, olùkọ́ níbẹ̀ náà. Ọmọ-ọmọ méje náà wà, tó fi mọ́ Joanna kékeré, ọmọ oṣù mẹ́wàá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró. Dominic ti kọ ìwé sí Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá pé òun ń fi Àkúrẹ́ sílẹ̀, òun sì ń bọ̀ wá gba kíláàsì kìíní ní Odòde. Ọ̀gá ti dáhùn pé kí ó máa bọ̀.

Màmá wa, a ti rí ẹni tí yóò máa wò wọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ibi ìsinmi. Ẹ sùn ire o.