Alhaja Kùdírátù Adédìpẹ̀ àti Òdòdó Òjò Àkọ́rọ̀

Ọdún 1946 ni a bí Alhaja Kùdírátù Àjíkẹ́ Adédìpẹ̀ ní agboolé Fátókun, Ilé-Ogbó. Alfa Gàníyù Fátókun, àgbẹ̀ àti olùkọ́ kéú, ni bàbá wọn. Halimah, ọmọ Kuta, ni ìyá wọn.

Ilé kéú ni wọ́n ti kọ́kọ́ kàwé. Wọ́n wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1953, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní 1966. Wọ́n ṣe iṣẹ́ tísà káàkiri Ìwó títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2001. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè sọ pé wọ́n fi máàkì ta òun lọ́rẹ.

Ní 1968, wọ́n fẹ́ Alhaji Hussain Adédìpẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, ní Ìwó. Nínú ẹrù ìyàwó wọn ni iṣu òdòdó mẹ́ta wà, tí ìyá wọn hú láti ẹ̀yìnkùlé. Iṣu náà rí bí àlùbọ́sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á kú pátápátá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òdòdó pupa roboto á yọ kí ewé tó hù. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le lójú wọn: má bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, fi eérú sí i, má rì í jinlẹ̀ jù, kí o sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Nígbà tí Alhaji jáde láyé ní 2003, tí a sin wọ́n síwájú ilé, ìyá gbin òdòdó náà yí ibojì ká.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 1999. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jẹ́ Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, wọ́n sì ń fi òdòdó ta ẹni tó bá ṣèlérí pé òun ò ní bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn lọ́rẹ.

Ní Oṣù Kejìlá 2016, àkọ́bí wọn, Múyìíwá, fẹ́ da sìmẹ́ńtì síwájú ilé kí ìyá tó ti Ilé-Ogbó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ilẹ̀ òfìfo ni. Wọ́n hú iṣu náà dà sí ààtàn lọ́nà Kuta. Wọn ò tíì po sìmẹ́ńtì tí ìyá fi dé. Ìyá mú ọkọ́, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí ààtàn, wọ́n sì ṣa mọ́kàndínlógún bọ̀. Fún oṣù mẹ́rin, wọ́n ń jẹ́ Múyìíwá lóhùn bó bá kí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, tí mọ́kànlá yọ òdòdó, wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n gún iyán fún un, wọ́n sì fún un ní iṣu kan kó lọ gbìn ní Ìbàdàn.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń béèrè rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Múyìíwá ń dáhùn pé ó ń ṣe dáadáa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti jẹrà lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, torí àràárọ̀ ló ń bomi rin ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, ó jẹ́wọ́. Ìyá ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tí òdòdó tirẹ̀ bá wà láàyè ì bá ti wá béèrè ibi tí yóò gbin àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi gbogbo èyí tó wà níwájú ilé sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹnu ya àwa ẹbí. Ó sì dun àbúrò rẹ̀, Kareemah, tó mọ ìtọ́jú òdòdó náà jù ú lọ. A ò ní purọ́. Múyìíwá fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín.

Ìyá wa jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án Oṣù Kejì 2025, a sì sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi Múyìíwá, Kareemah àti Zakiyyah sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Òjò kò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ ilẹ̀ ẹ̀bá ibojì méjèèjì, ẹ má sì da omi tí ẹ fi fọwọ́ síbẹ̀. Kò ṣófo. Múyìíwá ti fi òkúta yí i ká, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ Kareemah ibi tí òun yóò gbin àwọn ọmọ rẹ̀ sí.

Ẹ sùn re o, Àjíkẹ́, ọmọ Fátókun. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.