Álọ́ọ̀mù Inú Omi Ẹja

Igando, Sátidé, oṣù kẹfà, 1989

Láti àárọ̀ ni Màámi ò ti jẹun. Nítorí àwọn ẹja ẹpìyà mi ni.

Mo jí bá Màámi nídìí tánkì ẹja ní ẹ̀yìnkùlé, inú wọn ń dùn. Òjò ti mú kí omi náà pọ́n, ni wọ́n bá po álọ́ọ̀mù sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí omi mímu wa. "Wò ó bó ṣe mọ́ gaara."

Ó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ẹja ti gbé ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sáré kó wọn sínú báàfù omi mìíràn. Méjì ti kú. Mo ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan: ikun ti bo ibi tó fi ń mí, ó ń fà bí ilá.

Mo ṣàlàyé jẹ́jẹ́ fún Màámi. Irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò fífúyẹ́ ló wà nínú álọ́ọ̀mù. Ó ń jẹ́ kí omi kan díẹ̀ bí omi ògì, irin náà á wá lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí. Àwa kì í mí nínú omi ní tiwa, kì í pa wá lára.

Wọ́n ní, "Ohun tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà náà mà ni, ọkọ mi."



Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé omi mímu mi wá, ó pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹ̀rù álọ́ọ̀mù ti ń bà wọ́n. Mo lọ mú álọ́ọ̀mù, mo fi lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ bá mi pò ó jàre, Màámi." A jọ jókòó títí ìdọ̀tí fi rọlẹ̀, mo sì mu ún tán lójú wọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó béèrè oúnjẹ.