Ìdájọ́ Tí A Kò Tíì Kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu

Mo júbà àwọn àgbà adájọ́ tó ti papòdà. Mo kí àwọn tó kù lórí àga. Mo kí ìwọ náà, ojú ìwé, àbíkẹ́yìn ìjókòó, ìwọ tí kì í tú àṣírí.

Mo parí kíkọ ìdájọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kan lónìí. Akọni obìnrin! Ó sọ lórí rédíò pé kò sómi ní ilé ìwòsàn ìjọba. Gómìnà ní kí wọ́n tì í mọ́lé — láìsí ẹ̀sùn, láìsí ẹjọ́. Òfin kò fún gómìnà lágbára bẹ́ẹ̀. Èmi ni òfin fún lágbára láti sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni kíkà. Ọjọ́ náà sì ni mo ń fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdu

Ahọ́n-Oyin, ońṣẹ́ gómìnà, wá sí ọ́fíìsì mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, a ò ní kẹ́ ẹ yí nǹkan kan padà o. Ẹ kàn ṣàìsàn lọ́jọ́ Ẹtì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìdájọ́ tí a ò kà ní gbangba, ṣé kì í ṣe bébà lásán ni?"

Òótọ́ ni. Bí n kò bá kà á kí n tó lọ, adájọ́ mìíràn ni yóò tún ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò ṣì wà ní àtìmọ́lé.

Bó ṣe ń jáde, ó béèrè àlàáfíà ọmọ mi obìnrin — ó dárúkọ òpópónà tó ń gbé.

Mo yìn ín fún ìwà ọmọlúàbí rẹ̀! Ẹ̀rù ló yìn ín, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́rú, 5 Òkúdu

Wọ́n ti kó ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdu

Ibà dé lóòótọ́. Ara gbóná bí ààrò. Mo da aṣọ méjì bora, òtútù kò lọ. Akọ̀wé kóòtù, ẹni rere, ní kí n gba ìwé dókítà, kò sẹ́ni tí yóò bi mí.

Ìyàwó mi fọwọ́ kàn mí níwájú orí. "Baálé mi, ibà yín yìí mọ kàlẹ́ńdà o." Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Mo sọ ti ọmọ wa fún un. Ó fa aṣọ bò mí léjìká.

"Ìyá nọ́ọ̀sì yẹn náà bímọ."

Ó pe ọmọ wa pé kó máa bọ̀ nílé kíá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdu

Yàrá ẹ̀yìn kóòtù. Ọmọ wa kò tíì dé — fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ahọ́n-Oyin wà ní ìlà iwájú. Ó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tẹríba. Ìyá nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kó aṣọ ọmọ rẹ̀ wá nínú báàgì.

Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣí i sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Akéde kóòtù ti kanlẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ mà dára o:

"Ẹ dìde! Adájọ́ ń wọlé. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti gómìnà ló kàn. Ìdájọ́ ni ẹ máa gbọ́."